Fọ́tò Ọkọ̀ Tó Ń Fẹ̀gbẹ́ Rìn

Bàbá Rọra ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Tíṣà. Iṣẹ́ kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà ló fi tọ́ ọmọ, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé àwọn tó kọ́ nígbà èwe ti ń mú ọmọ tiwọn wá bá a. Kò sẹ́ni tó jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀ tí etí rẹ̀ ò kún fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn: rọra tẹ̀ ẹ́, rọra yà á, rọra dúró. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, á bẹ ọkọ̀ pé kó má bínú. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ á rẹ́rìn-ín. Òun ò ní rẹ́rìn-ín, torí kò fi ṣe àwàdà.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá oníbúrẹ́dì kan tó ń kọ́ ọkọ̀ kó lè máa fi gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn oníbàárà. Wọn ò sáré, wọn ò ṣe nǹkan kan tó burú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ti da epo sí kọ́nà ṣáájú wọn. Bí táyà ṣe tẹ epo yẹn, ìdí ọkọ̀ yọ̀, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lọ bí alákàn, ó di ara ògiri. Nǹkan kan ò ṣe ìyá oníbúrẹ́dì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Tíṣà ló kán.

Eegun jinná, dókítà ní kó máa rìn, ó sì ń rìn. Wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n gbé e wá síwájú ilé, ó ta tápólì bò ó. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó jẹ́ káwọn jọ gbé ọkọ̀ jáde, á ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn kí eegun lè le. Ọ̀gá kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń bá a kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Òun ń sinmi nílé, ìyẹn lohun tó ń sọ, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ó kàn jẹ́ pé ìsinmi ọ̀hún ti wá gùn jù.

Àbíkẹ́yìn wọn, nọ́ọ̀sì ni. Ibi iṣẹ́ ní kó lọ gba ẹ̀kọ́ sí i ní ìlú míì, ó sì fi ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ sílẹ̀ lára tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín."

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ géèmù mi ni."

Ó ṣàlàyé fún un. Odindi orílẹ̀-èdè kan ló wà nínú géèmù náà, pẹ̀lú òkè, igbó, afárá àti etí òkun, èèyàn sì lè wa ọkọ̀ gba ibi tó bá wù ú. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fúnni níṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ẹni tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán á gba ọkọ̀ kan tí wọn kì í tà. Ó kù ẹyọ kan fún òun: kí èèyàn dé kọ́nà tó wà nídìí ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi, kó fi ọkọ̀ yọ̀ níbẹ̀, ohun táwọn ọ̀dọ́ ń pè ní dírífìtì, kó sì ya fọ́tò ọkọ̀ náà bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ á parí kóun tó délé.

"Kí ló dé tó ò bẹ màmá rẹ? Òun ló ń ya fọ́tò."

"Bàbá, inú òkun ni màmá máa wa ọkọ̀ yẹn sí. Ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀ wà jù."

Tíṣà bojú wo ẹ̀rọ géèmù náà. Ó ní òun á wò ó.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé nírọ̀lẹ́, ó bá a lórí àga pẹ̀lú páàdì géèmù lọ́wọ́, ọkọ̀ yẹ́lò kan sì dúró gbagidi nínú tẹlifíṣọ̀n. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ni obìnrin náà ń yà fún jíjẹ mímu, ojú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ rí nǹkan.

"Tíṣà, kí lẹ̀ ń dúró dè?"

"Iná pupa."

"Ta ló máa mú yín níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó máa mú mi. Iná pupa ṣáà ni."

Obìnrin náà jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ń wò ó. Báyìí ni wọ́n ṣe rọra dé etí òkun, tí gbogbo ọkọ̀ ń yà wọ́n sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di kọ́nà, iṣẹ́ dé. Bí ìdí ọkọ̀ bá ti fẹ́ yọ̀ báyìí, ìka Tíṣà á kúrò lórí iná, bọ́tìnnì tó ń mú ọkọ̀ sáré, á tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á tọ́. Ó ya fọ́tò náà bẹ́ẹ̀, géèmù ní kò gbà á. Ó tún un yà, géèmù kọ̀.

"Fọ́tò yìí mọ́ dáadáa," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "àmọ́ ọkọ̀ yín jókòó bí ẹni tó wá ya páásípọ́ọ̀tù."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó gbé páàdì sílẹ̀, ó nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò, òógùn ti bò ó. Ìyàwó rẹ̀ ti rí nǹkan míì: ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ ṣì tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ gan-an, bí ẹni tó ń wá bíréèkì. Ó lọ gbé omi wá fún un.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tílé dá, ó tún dán an wò. Ó wá pápá ọkọ̀ òfuurufú kan rí nínú géèmù, ilẹ̀ gbalasa tí kò ní ògiri, tí kò ní igi, ó wá ń kọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe máa ń kọ́ èèyàn. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ìdí ọkọ̀ yọ̀, ó yí ìtọ́kọ̀ sí ibi tí ìdí ń lọ, ó fi ìka sílẹ̀ lórí iná. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń bà á. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ẹ̀. Ọkọ̀ ń pòòyì, èéfín táyà ń rú, kò sóhun tó fara pa.

Nírọ̀lẹ́ ó padà sí kọ́nà etí òkun, ọkọ̀ sì yọ̀ fún un. Wàhálà tó kù ni pé kó tó fi ìka kan bọ́ sórí bọ́tìnnì fọ́tò, ọkọ̀ á ti tọ́ padà.

"Ẹ gbájú mọ́ ọkọ̀ yín," ni ìyàwó rẹ̀, tó ti ṣọ́ọ̀bù dé, sọ. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú bọ́tìnnì."

Ó sún mọ́ ọn, ó na àtàǹpàkò sórí páàdì, èjìká wọn kan ara wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jókòó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Tíṣà tẹná, kọ́nà dé, ó fa bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lọ. Obìnrin náà kò yára tẹ̀ ẹ́. Ó dúró, ó tún dúró díẹ̀ sí i, ó wá tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ayé inú tẹlifíṣọ̀n dúró sójú kan. Èéfín dúró lẹ́yìn táyà bí òwú, ẹyẹ dúró lójú ọ̀run, ìgbì òkun kò wó. Géèmù náà máa ń fúnni láyè láti gbé kámẹ́rà yí ọkọ̀ ká kéèyàn tó yà á, obìnrin náà sì ń gbé e yí ká, ó ń wá ibi tó dáa.

"Dúró," ni Tíṣà wí. "Má tíì yà á. Wo táyà iwájú. Ọ̀tọ̀ nibi tó kọjú sí, ọ̀tọ̀ nibi tí ọkọ̀ ń lọ."

"Ṣé bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò rí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ìró ni mo gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń rọra fa aṣọ ya. Látìgbà yẹn, ó dà bíi pé ọkọ̀ yẹn ò tíì dúró lára mi."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"O ò bi mí."

"Mò ń dúró kẹ́ ẹ sọ ọ́ fúnra yín ni."

Tíṣà mi orí. Ó tún wo ọkọ̀ yẹ́lò náà títí, kò sì sẹ́ni tó kán an lójú. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ sún kámẹ́rà sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní káwọn fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ níwájú ọkọ̀, kó lè ríbi lọ. Ó yà á. Géèmù gbà á.

Ọmọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á gbọ́ lórí fóònù. Ọkọ̀ tí wọ́n fún un kéré, ó sì rí ṣákálá. "Ṣé torí eléyìí lo ṣe ń dà wá láàmú?" ni bàbá rẹ̀ bi í. Ọmọ ní ẹ̀yìn ọ̀la lòun ń rò, torí wọn kì í ta irú ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò ń ṣẹ́ winniwinni láàárọ̀, Tíṣà jáde, ó ká tápólì kúrò lórí ọkọ̀, ó ní òun á bá ìyàwó òun dé ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà ló wa ọkọ̀ lọ. Tíṣà fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mú títí wọ́n fi dé. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á padà sílé. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé gbogbo ìsinmi òun ọ̀hún ò ju pé òun ń rin ọ̀nà jíjìn nítorí pé òun ń yẹ kọ́nà kan sílẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá oníbúrẹ́dì ló sì kọ́kọ́ wá, torí obìnrin yẹn ti kọ̀ kí ẹlòmíì parí ẹ̀kọ́ òun. Tíṣà ò kọ́kọ́ gbé e lọ sójú títì. Pápá ńlá kan ló gbé e lọ, ó bu omi sílẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí ọkọ̀ ṣe ń yọ̀ àti ohun téèyàn ń ṣe kó lè tọ́ padà. Ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí tí kì í kọ́ ọ.

Nígbà tí ọmọ wọn padà délé, báàgì ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ó sì nawọ́ sí páàdì. Bàbá rẹ̀ ní kó ṣe sùúrù. Wọ́n ti rí òkè kan tí yìnyín bò, màmá rẹ̀ ló sì fẹ́ ya fọ́tò ibẹ̀ kí oòrùn inú géèmù tó wọ̀. Ọmọ jókòó sílẹ̀ nídìí àga, ó ń dúró kó kàn án.