Wọ́n Ní Mo Ti Dáhùn

Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán ní àdúgbò wa ní Mowe, kì í sí ẹni tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti jáde kí oòrùn tó yọ, àwọn ọmọ wọn ti wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Á wá ku èmi, ajá aládùúgbò tó ń sùn lẹ́bàá géètì, àti jẹnẹrétọ̀ ilé kan tí wọ́n máa ń gbàgbé láti pa. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ni mo kọ́ ilé yìí. Ọkọ mi kú kí a tó kan òrùlé rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí wà lókè òkun. Tó bá pè mí ní ọjọ́ Àìkú, a ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru mi, yóò sì ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n n kò ní í purọ́ fún yín: mo dá wà, ó sì ń dùn mí.

Ìdáwà yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Mowe. Ẹnu iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá fáìlì ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi, ní ọsibítù àwọn sọ́jà. Sọ́jà ni èmi náà, mo wọ kákí, mo di sájẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ wa ní ìbọn yíyìn tán, fáìlì ni mo ń gbé. Mo ń gbé e láti orí pẹpẹ lọ fún dókítà, mo sì ń gbé e padà. A kì í jẹ́ kí orúkọ tó wà lára fáìlì kọjú síta. Àyà ẹni tó gbé e ni orúkọ ń kọjú sí. Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, sọ fún mi pé ohun tí mo bá kà, kí n gbé e mì. Ó tún kọ́ mi ní èyí tó le ju ìyẹn lọ. Bí mo bá pàdé aláìsàn wa níta, ní ọjà tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Bí òun bá kí mi, kí n dáhùn. Bí kò bá kí mi, kí n kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, torí pé ẹni tó bá dúró tì í lè béèrè pé, "Níbo lẹ ti mọra?"

Ẹ sì wò ó, ọmọ Yorùbá ni mí. Ìyá mi lè fi ìbínú gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná nítorí pé ọmọ kan kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀. Kí èmi wá máa rí èèyàn tí mo mọ̀, kí n gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú bárékè, agbéraga ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ìyàwó sọ́jà ní mo rò pé mo ti di ọ̀gágun. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn kan nínú wọn àti ọkọ wọn kò jẹ́ kí n lè bínú. Àṣà náà wá mọ́ mi lára débi pé nígbà tí mo dé Mowe, àwọn aládùúgbò tí n kò di fáìlì wọn mú rí, n kì í kọ́kọ́ kí wọn. Wọ́n ní mo rorò. Nígbà tí mo fi máa tún ìwà ṣe, wọ́n ti pa mí tì.

Ẹni tó kù mí kù ni àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ifo. Opó ni òun náà, ó ń ta ọ̀dà ilé àti búrọ́ọ̀ṣì. Láràárọ̀, kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò pè mí, yóò sọ ohun tó jẹ fún mi, ẹni tó bú u lánàá, àti bí òun náà ṣe dá a padà fún un. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́.

Òun ló pè mí pé ọmọ òun obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ti rí ẹni tí yóò fẹ́. Sọ́jà ni, ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ibafo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín. Ó ń mú un bọ̀ wá sí Ifo kí àwọn ẹbí lè rí i. "Ẹ̀yin ni bàbá ìyàwó báyìí o, Àǹtí mi," àbúrò mi ní. Inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá bá àwọn àgbà jẹun. Mo wọ ọkọ̀ láti Mowe lọ sí Bẹ́gà, láti ibẹ̀ lọ sí Sango, kí n tó rí èyí tó gbé mi dé Ifo.

Ọmọkùnrin náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí mi. Mo ti mọ̀ ọ́n kí ó tó rí mi, mo sì ti gbójú lé fáànù. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ò rántí mi ni? Ẹ̀yin lẹ máa ń gba káàdì wa ní wíńdò, ní ọsibítù wa."

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ni mo dá a lóhùn. Ó kúkú ti kí mi. Kò sí ohun tí mo bà jẹ́.

A jẹun, a ṣàwàdà, ọmọbìnrin náà sì sìn ín jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n jáde ni àbúrò mi fa àga rẹ̀ mọ́ tèmi.

"Àǹtí mi, ẹ mọ̀ ọ́n."

"Òun ló mọ̀ mí."

"Kí ló gbé e dé ọsibítù?"

"Ọsibítù àwọn sọ́jà ni. Sọ́jà sì ni."

"Ẹ má fi mí ṣeré, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yìí ti lọ jagun lókè Ọya ọ̀hún. Wọ́n ní àwọn míì ń bọ̀ tí orí wọn ò pé mọ́. Òmíì á gbé àìsàn bọ̀ tí ò ní í sọ fún ìyàwó. Ẹ̀yin lẹ di fáìlì ẹ̀ mú. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé kò sí wàhálà, kí n lọ ra aṣọ."

Ó rọrùn láti sọ. Àmọ́ mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Bí mo bá lè sọ "kò sí" fún ẹni tí kò ní nǹkan kan, a jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè ẹlòmíràn tí mo dákẹ́, mo ti tú àṣírí onítọ̀hún nìyẹn. Mo ní àwọn èèyàn tí fáìlì wọn lè tú ilé wọn ká. Ìdákẹ́ mi kò wúlò fún wọn àfi tí mo bá dákẹ́ lórí gbogbo èèyàn, títí kan ọmọ tí ara rẹ̀ le koko. Èyí ni mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Kò gbọ́.

"Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Ọmọ yín ni o, Àǹtí mi."

"Mo mọ̀. Mi ò lè sọ ni. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì lọ ṣe àyẹ̀wò, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Jọ̀ọ́, bu omi fún mi kí n máa lọ, òjò ti ṣú."

Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó yé mi," ó sì lọ bu omi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo ṣàlàyé ló yé e.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọbìnrin náà pè mí, ẹkún ń bẹ lóhùn rẹ̀. "Mọ́mì Mowe, kí lẹ sọ fún màmá mi? Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ mọ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ohun tí wọ́n ní ẹ sọ náà nìyẹn, mà."

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó, tí orí mi sì wú. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń wádìí ìdílé nílẹ̀ wa. Tí wọ́n bá rán èèyàn lọ béèrè ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, ẹni tí wọ́n bi kì í sọ ọ́ ní gbangba pé wèrè wà nílé onítọ̀hún. Bí ó bá dáa, ẹnu á yá a: "Háà, ọmọ èèyàn dáadáa ni, ẹ lọ gbé e." Bí kò bá dáa, á ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n. Á ní kí wọ́n lọ tún wádìí. Á bu omi fún wọn, á sì yí ọ̀rọ̀ sí òjò. Àwọn tó wá á dìde, wọ́n á dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe pátá, kò ku ìkankan. Mo ti pẹ́ jù ní bárékè, mo ti gbàgbé pé ní ilé tiwa, ẹni tó dákẹ́ ti sọ ọ́.

Mo pe àbúrò mi kíá. Mo ní n kò sọ pé nǹkan kan ṣe ọmọ náà. "Mo mọ̀, Àǹtí mi," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí a jọ mulẹ̀. "Ẹ ò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan. Ọlọ́run ló fi yín síbẹ̀." Bí mo ṣe ń sẹ́ ni ó túbọ̀ ń dúpẹ́. Láràárọ̀ tó bá pè, á tún fi ọpẹ́ kún un, oúnjẹ á sì kọ̀ kò ní í wọlé fún mi. Tí mo bá ń lọ sí Èkó tí ọkọ̀ dé Ibafo, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wá bá mi ní Mowe. Kò wọ kákí. Ó ti rù. Ó jókòó sí etí àga, kò fọwọ́ kan omi tí mo gbé fún un.

"Mọ́mì, kí ló wà nínú fáìlì mi tí dókítà ò sọ fún mi?"

N kò ro ìyẹn rí. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó ní látìgbà tí ọmọbìnrin náà ti kọ òun, òun kì í sùn, òun a máa wo ojú òun nínú dígí, òun a máa tẹ ikùn wò bóyá nǹkan kan ń dàgbà níbẹ̀. Ó rò pé àwọn dókítà mọ ohun tí yóò pa òun, pé èmi náà mọ̀ ọ́n, pé òun nìkan ni kò mọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun.

"Tìrẹ ni fáìlì yẹn," mo ní. "Tìrẹ nìkan ni mo lè sọ fún ọ. Kò sí ohun tí mo rí níbẹ̀ tí wọn ò sọ fún ẹ. Bí kò bá dá ẹ lójú, lọ sọ fún wọn pé o fẹ́ rí i. O lẹ́tọ̀ọ́ sí i."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn ní Ifo, mà. Gbogbo ẹ̀. Mo yọ̀ǹda."

Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú, bí a ṣe máa ń ṣe ní ẹnu iṣẹ́. Ó ní ó dá òun lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má bínú, n kò ní í kọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ará Ifo ló ní kí n sọ ọ́ fún, kò dárúkọ yín. Ẹyọ kan tó ní mo lè sọ níbikíbi ni pé kò sí ohun tó lè dí ìgbéyàwó lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo dé Ifo. Mo pe ìyá àti ọmọ jókòó. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tó ṣe é, ohun tí wọ́n fún un lò, bí ó ṣe sàn. N kò ṣe irú rẹ̀ rí láyé mi. Ṣe ni mo dà bí ẹni tí wọ́n tú aṣọ lára rẹ̀ ní gbangba ọjà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, aṣọ ẹlòmíràn ni mo ń tú. Mo sọ ọ́ tán, mo wo ojú àbúrò mi.

"Ó wá bá yín nílé, àbí?"

"Ó wá."

"Ó sunkún?"

"Ó sunkún."

Ó mi orí. "Mo mọ̀. Ọkàn yín rọ̀ jù, Àǹtí mi. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀ yín ni mo gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu yín."

Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní òun ò mọ èwo ni kí òun gbà gbọ́ nínú Mọ́mì Mowe tó dákẹ́ àti èyí tó ń sọ̀rọ̀. Inú bí mi. Mo bú ìyá rẹ̀, mo ní òmùgọ̀ ni. Kò bú mi padà, òun tí kì í jẹ gbèsè èébú. Ó kàn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ máa lọ ire, mà." Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò pè mí mọ́. Tí mo bá pè é, ọjà máa ń pọ̀ níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ yẹn, mo dúró ní Sango, mo ń wá ọkọ̀. Fóònù mi dún, ọmọ Ibafo ni.

"Mọ́mì, ẹ kú ìrìnàjò o. Ṣé wọ́n gbà?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé mo sọ ọ́, pé mo sọ ọ́ dáadáa, pé kí ó fún wọn láyè díẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kó wá kí mi ní Mowe nígbàkigbà tó bá fẹ́. Àwọn agbèrò ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo di fóònù mọ́ etí, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó fi sùúrù dúró dè mí.

"Mo ti gbọ́, mà," ó ní nígbà tó yá. "Ẹ ṣeun."

Ó ti pa fóònù kí n tó rí ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan.