Àlàájà Hikmat àti Ẹlẹ́rìí Kẹta

Ní àdúgbò wa ní Ọ̀fà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Àlàájà Hikmat ń wá ewúrẹ́ kan. Ewúrẹ́ òyìnbó ni, ó sì ti sọnù láti bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún.

Ọgbọ̀n ọdún ni Àlàájà fi ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀, tó ń kọ ẹjọ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta píọ̀ wọ́tà, òun ń fi fóònù kọ́ nípa èdè kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́, tí wọn kò sì kọ sílẹ̀ rí: ìyá tó bí Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Páṣíà àti Híńdì. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń kó jọ kí wọ́n lè mọ ojú ìyá. Ọ̀rọ̀ ìyá tí wọ́n bá fi ti àwọn ọmọ tún mọ báyìí, wọ́n á fi àmì ìràwọ̀ (*) síwájú rẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló dìjà. Goat ti Gẹ̀ẹ́sì àti haedus ti Látìn, tó jẹ́ ọmọ ewúrẹ́, jọra bí ìbejì, bí èèyàn bá fi ọdún mẹ́ta wò wọ́n. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìyá kan ló bí wọn. Àwọn mìíràn ní aládùúgbò lásán ni wọ́n, pé ọwọ́ àlejò ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá kan ni Àlàájà gbà. Ó fi ọdún mẹ́rin wá ẹlẹ́rìí kẹta, ìyẹn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ mìíràn tó jọ méjèèjì, ó sì rí i nínú èdè òkèèrè kan. Ìwé tó ń kọ lé e lórí ti parí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa tẹ̀ ẹ́ ní Yúróòpù ń retí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù kì í gba ẹlẹ́rìí láìbéèrè ilé tó ti jẹun. Ó tọpa ọ̀rọ̀ náà, ó bá a nílé Látìn: àwọn oníṣòwò ló gbé e láti ibẹ̀ lọ sí èdè òkèèrè náà. Ẹnu Látìn ló fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀tọ̀.

“Ìyá Rídwàn, ta ló máa mọ̀?” Alhaji Taofeek, ọkọ rẹ̀ tó ń ta irin, béèrè. “Àwọn tó sọ èdè náà ti kú.”

“Èmi tí mo kọ̀wé kò tíì kú, Bàbá Rídwàn.”

“Ọdún mẹ́rin ńkọ́?”

“Ó ti lọ. Ẹ jẹ́ n ráyè.”

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ lé ẹlẹ́rìí rẹ̀ jáde, ó kọ ọ́ pé ẹjọ́ náà kò tíì ṣe é dá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ń bá a jiyàn tipẹ́ kọ lẹ́tà sí i pé ìwé náà lòun á máa fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun.

Alhaji lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kò ta irin fún ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ tán. Oníbàárà kan láti Ìjagbò, tó ní ẹjọ́ ilẹ̀ lọ́rùn, gbọ́ ọ débi ìparí.

“Alhaji, ẹ bá wa bẹ Àlàájà kó wá jẹ́rìí sí tiwa.”

Alhaji gbé àyà sókè. “Ìyàwó mi? Ẹlẹ́rìí ara rẹ̀ ló lé síta o. Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ tiyín wò.”