Ìyá Kọ́mà àti Abala Kẹtàlélógún

Láti ọdún kẹta tó ti wọṣẹ́ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Kọ́mà, torí kọ́mà kan ṣoṣo tí kò sí níbi tó yẹ kó wà lè mú kó dá odindi ìwé padà sílé ìtẹ̀wé. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìṣúná ni. Kì í ṣe aṣòfin, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn àyàfi tí wọ́n bá bi í. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kọ ohun tí àwọn aṣòfin bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kó sì rí i pé ohun tí wọ́n sọ náà ni òfin ìṣúná sọ. Inú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí tán ló ti ń ṣe é, òun àti kọ́bọ́ọ̀dù irin mẹ́ta tó há yàrá ọ̀hún gádígádí.

Ìwà rẹ̀ kan máa ń pa àwọn ará ọ́fíìsì lẹ́rìn-ín. Kì í fi ojú lásán ka òfin. Sókè ló máa ń kà á, bí ẹni ń ka lẹ́tà fún ìyá arúgbó. Ó ní ojú máa ń fo ohun tí etí kì í fò.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹjọ́ àjọ omi ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Lọ́dún tó ṣáájú, ilé ìgbìmọ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún páìpù tí yóò gbé omi dé àdúgbò mẹ́rin lẹ́yìn odò. Àjọ náà fi owó ọ̀hún ra ọkọ̀ fún àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n wá kọ lẹ́tà onílà méjì sí ilé pé àwọn ti ṣe àtúntò. Inú bí àwọn aṣòfin. Nínú òfin ìṣúná tuntun, wọ́n fẹnu kò pé kí abala kẹtàlélógún sọ pé àjọ kankan kò gbọdọ̀ gbé owó iṣẹ́ kan lọ sórí iṣẹ́ mìíràn láìkọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ilé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa dìbò, ìwé dé láti ilé ìtẹ̀wé. Ìyá Kọ́mà wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó dé abala kẹtàlélógún, ó dákẹ́. Ó tún un kà. "Láìkọ́kọ́ fi tó ilé létí" ló wà níbẹ̀.

Ó mú ìwé ìpàdé tí alága ìgbìmọ̀ ìṣúná fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, ó gba ọ́fíìsì alága lọ. Ta ló bá níbẹ̀? Ọ̀gá àgbà àjọ omi ni, ó rọ̀gbọ̀kú sórí àga bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí.

Ìyá Kọ́mà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú alága. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo ibí yìí."

Alága wò ó, ó wúkọ́. "Ìyá Kọ́mà, ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀ gan-an? Wọ́n ṣáà máa sọ fún wa. Ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ká máa pa làpálàpá."

"Tí baálé mi bá fẹ́ ta ilé tí a jọ kọ́, ọ̀gá, ṣé kó kàn sọ fún mi ni, àbí kó bi mí?"

Ọ̀gá àgbà ló sọ̀rọ̀. "Ọdún mélòó ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì, Màmá?"

"Méjì, sà."

"Ọdún méjì kì í pẹ́ lọ, béèyàn bá rọra ṣe."

Ó mọ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ. "Mo gbọ́ yín, sà. Ohun tí mo kọ ní ìpàdé nìyí. Tí wọ́n bá bi mí nínú gbọ̀ngàn, òun náà ni mo máa kà."

Wọ́n wọ gbọ̀ngàn. Nígbà tó kan abala kẹtàlélógún, obìnrin tó ń ṣojú àwọn ará ẹ̀yìn odò dìde, ó ní ṣé ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò lé lórí nìyí. Gbogbo ojú yí sí alága. Alága ní, "Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ka ìwé ìpàdé."

Ìyá Kọ́mà dìde, ó kà á. Wọ́n tún abala náà ṣe lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì dìbò fún un.

Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi gbé Ìyá Kọ́mà lọ sí yàrá ìpamọ́ ìwé nísàlẹ̀ ilé, níbi tí kò tilẹ̀ sí fèrèsé rárá. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Nígbà tó ròyìn fún ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, ọkùnrin náà gbé ayùn sílẹ̀. "Ṣé wọ́n gba ìyọ̀ǹda rẹ ni, àbí wọ́n kàn fi tó ọ létí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lóṣù kẹrin tó débẹ̀, lẹ́tà àjọ omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìpamọ́. Wọ́n tún fẹ́ gbé owó páìpù. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń tọrọ ìyọ̀ǹda. Ilé ti kọ̀. Kí ọdún tó parí, omi dé àdúgbò mẹ́ta; ìkẹrin dúró dé ọdún kejì.

Lọ́jọ́ tó ń fẹ̀yìn tì, alága fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni mo ní kí wọ́n yí abala yẹn padà," ló wí.

"Mo mọ̀, ọ̀gá," ni Ìyá Kọ́mà dáhùn. "Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n kà á."

Alága bá a gbé páálí ẹrù rẹ̀, wọ́n sì jọ gun àtẹ̀gùn lọ sókè.