Ìda Oyin Tó Bo Wáyà Eyín Mi

Sátidé tí wáyà eyín mi já kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Dókítà eyín ní Òṣogbo ló fi wáyà náà de eyín iwájú mi tó wọ́, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ jẹ ohun líle. Èmi alájẹkì, mo fi eyín gé àgbàdo sísun jẹ. Wáyà já, ó gún mi lẹ́rẹ̀kẹ́, n kò sì lè pa ẹnu dé mọ́.

Ó di Mọ́ńdè kí a tó lè rí dókítà. Ìyá mi ní baba kan wà ní Ìfọ́n tó ń kó oyin, pé ìda oyin lè bo ṣóńṣó wáyà náà. Ará Ìlobù ni wá. Bàbá mi kì í kí ará Ìfọ́n nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Síbẹ̀, ó gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Baba olóyin ní, "Ẹ dìde. Eyín ọmọ kò sí nínú ilẹ̀ tí à ń jà sí."

Ó fọwọ́ pa ìda títí ó fi rọ̀, ó fi bo wáyà náà. Ara tù mí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń bú ará Ìfọ́n nílé wa, bàbá mi á wo ẹnu mi, á ní, "Ó tó."