Ta Ló Tì Mí ní Mọ́kọ́lá?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi wọkọ̀ ní Ṣakí. Ìyá mi sìn mí dé gáréèjì, ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: bí mo bá tún fìdí rẹmi nínú físíìsì, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àǹtí mi ni mò ń lọ. Olùkọ́ tó máa dán mi wò lẹ́nu kí wọ́n tó gbà mí síléèwé wọn, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé, wà ní Challenge, n'Ìbàdàn, aago mẹ́wàá ni wọ́n sì dá fún mi. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, gbogbo ìbéèrè nípa ohun tó ń yí po ni mo gbà sódì.

Ọ̀wọ́n epo wà nígbà náà. Awakọ̀ wa tò sílé epo kan ní Ìsẹ́yìn títí inú mi fi ń gbóná. Mo ra búrẹ́dì àti àkàrà; búrẹ́dì wọn rọ̀ ju tilé lọ. Nígbà tí a fi dé Sángo, aago mẹ́sàn-án ti kọjá dáadáa.

Mo bọ́ sínú takisí. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún ni mo jókòó sí, màmá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn sẹ́bàá ẹsẹ̀ sì jókòó tẹ̀ lé mi. Ẹ̀yin ará ilé, oríta lásán ni tiwa. Àwọn ará Ìbàdàn ní ráńdábáòtù, oríta tí wọ́n mọ nǹkan róbótó sáàárín rẹ̀, tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yí po kó tó ya síbi tó ń lọ. Awakọ̀ wa kò tẹ bíréèkì rárá nígbà tó kó sí ti Mọ́kọ́lá. Ara mi lu ilẹ̀kùn gbàgà, ilẹ̀kùn ṣí. Màmá yẹn rá aṣọ mi mú, apẹ̀rẹ̀ wọn sì fò jáde.

Mo fìbínú kọjú sí wọn, mo ní kí ló dé tí wọ́n tì mí.

"Èmi tí mo dì ẹ́ mú? Mi ò tì ẹ́ o, ọmọ yìí."

Ojú tì mí. Mo bojú wẹ̀yìn: ọsàn ń yí lọ tààrà lórí títì, síbi tí ọkọ̀ wa dojú kọ kó tó yà. Awakọ̀ dúró, a ṣa ìwọ̀nba tá a rí. Mò ń ṣa ọsàn, mò ń wo aago.

A gba Dúgbẹ̀, a gba Ring Road, mo sì pẹ́ dé. Olùkọ́ ti ń kó ìwé sínú báàgì. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ní àwọn máa bi mí ní ìbéèrè kan.

"Bí ọkọ̀ bá ń yí po, kí ló ń ti èrò síta?"

Ohun tí mo kọ lọ́jọ́sí sáré wá sẹ́nu mi, pé agbára kan ló ń tì í. Mo gbé e mì.

"Kò sóhun tó tì í, sà. Ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń lọ. Ọkọ̀ ló yà."

Wọ́n ní kí ló wá mú ọkọ̀ yà. Mo ní títì ló di táyà mú, tó ń fà á sáàárín. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo délé. Ohun tí mo kọ́ lọ́nà ni pé ojú ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè tàn án jẹ. Mo rò ó fún ìyá mi. Wọ́n bi mí bóyá ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí náà ni, mo ní òun ni. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Wọ́n dìde, wọ́n wá àpò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu gàrí sínú rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò dáwọ́ dúró.