Ẹ̀rọ Tó Mọ Ìsinmi

Òórùn tínà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí wọ́n bá dárúkọ Ẹ̀gbẹ́dá létí mi, òórùn tínà tá a fi ń po ọ̀dà àti ti dísẹ̀lì tó jóná. Ìwọ náà ṣáà mọ àdúgbò yẹn nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ẹ̀yìn ilé kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀dì onírin. Òun ló ń jó irin pọ̀, èmi ni mò ń fín ọ̀dà sí i.

Kọ̀mpirẹ́sọ̀ wa, ẹ̀rọ tó ń fún wa ní afẹ́fẹ́ tá a fi ń fín ọ̀dà, ti gbó. Bá a bá ti tan án láàárọ̀, ariwo ni títí a ó fi ṣíwọ́, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ là ń ṣe, ìbáà jẹ́ pé oúnjẹ là ń jẹ. Dísẹ̀lì tó ń mu kò jẹ́ ká rí èrè dì mú. Èmi ni mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi títí tó fi gbà pé ká tà á, ká fi ra ẹ̀rọ ìgbàlódé kan tó ń lo iná, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré náà sì lè gbé. Bí àgbá ìyẹn bá ti kún fún afẹ́fẹ́, á pa ara rẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀, á tún gbéra. Inú mi dùn débi pé mo máa ń dúró tì í, tí màá máa dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè.

Àṣé ariwo làwọn èèyàn fi ń mọ̀ pé a wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá onílé kan tó máa ń ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ wa yọjú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni? Ọ̀dọ̀ yín pa rọ́rọ́, mo ti gbé iṣẹ́ mi fún àwọn oníbẹ́ẹ̀dì òdìkejì ọ̀nà jàre." Ojú ẹ̀gbọ́n mi yí padà.

"Ẹ̀rọ ọ̀lẹ lo rà," ó wí fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ń sinmi ni. Ẹ jẹ́ ká gbé pátákó síta."

"Ta ló ń ka pátákó? Ariwo ni wọ́n ń gbọ́ ṣá!"

Mo lọ gbé bẹ́ẹ̀dì fún oníbàárà kan n'Ígàńdó. Kí n tó dé, ẹ̀gbọ́n mi ti fi wáyà so ibi tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀, kó má bàa dákẹ́ mọ́. Ó ń ké, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù ń tú jáde fùú. Mo tú wáyà náà, ẹ̀gbọ́n mi tún un so, ó bi mí bóyá èmi ni mo bí òun ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, èéfín ti sọ, ẹ̀rọ ti jóná.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday, ìyá wa pè wá jọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún gbogbo ilé pé ayédèrú ni mo rà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wáyà, ìyá wa kò jẹ́ n parí ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Dọ̀bálẹ̀, kọ́rọ̀ tán." Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo ń retí pé á sọ òótọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, símẹ́ǹtì tutù ní àyà mi, mo ní kó má bínú. Ó ní òun ti gbọ́.

A ò jọ ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Dópẹ̀mú ni mo ti lọ ń báni fín ọ̀dà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, mo ní èèyàn dáadáa ni, n kò sì parọ́.

Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń fi ẹ̀rọ tó ń sinmi yangàn. Bí mo bá gbọ́ tí ọ̀kan pa ara rẹ̀, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni ẹnu mi á korò. Ẹ̀rọ tó jóná kò dùn mí mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, ó sì jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀.