Mọ́ínmọ́ín Àjíǹde Tí Kò Lẹ́yin Nínú

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tí gbogbo àwa ìyàwó ilé ń pè ní Sìsí, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ilé tí mo fẹ́ sí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì gbàgbé ẹnì kankan nínú wọn, ṣùgbọ́n òun ló fi bí wọ́n ṣe lè máa ṣe é hàn wọ́n. Mo ti dàgbà báyìí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé ohun àtijọ́. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ilé ẹbí ọkọ mi wà nínú Òjó gan-an, láàárín ilé àwọn ọmọ onílẹ̀. Bàbá ọkọ mi jẹ́ alàgbà ìjọ. Àbúrò rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Àlàájì, jẹ́ mùsùlùmí, inú ilé kan náà ni gbogbo wa sì ń gbé. Bí Iléyá bá dé, ọ̀dọ̀ Bàbá Àlàájì ni ẹran ti ń wá. Bí Àjíǹde bá dé, ó di ọwọ́ tiwa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè ni a máa ń jẹ, a kì í fi ẹran kàn án. Ní Sátidé, a ó pọ́n mọ́ínmọ́ín. Lọ́jọ́ Àìkú, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo ilé yóò jókòó jẹ ẹ́, àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti mùsùlùmí.

Mọ́ínmọ́ín náà kì í ṣe kékeré. Láti ìdájí ni a ti máa ń bó ẹ̀wà, omi èèpo ẹ̀wà á máa ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Edé rẹ̀ ń ti ọwọ́ àwọn Ègùn tó ń pẹja wá. Ẹyin nìkan ni kì í kárí. Nítorí náà, àwọn àgbà àti àlejò ni wọ́n ń fi ẹyin sínú tiwọn. Ti àwọn ọmọdé, edé nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ewé bá ti bo mọ́ínmọ́ín, ta ló máa mọ èyí tó lẹ́yin? Ẹnu ewé ni ilé náà fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí tó lẹ́yin, wọ́n á ṣẹ́ ẹnu ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí kò lẹ́yin, wọ́n á ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń pín in kò ní láti tú u wò, ìka ló máa fi kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ̀ ọ́n báyìí. Lọ́dún tí mo wọlé wọn, èmi kò mọ̀ ọ́n. Nílé bàbá mi, agolo mílíìkì ni a fi ń se mọ́ínmọ́ín.

Sìsí ti lọ sílé ọkọ rí, ó sì ti padà wá sílé bàbá rẹ̀ kí n tó dé. Kò bímọ níbẹ̀. Nínú ilé náà, kò sí ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ju ewé Àjíǹde lọ. Màmá ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wí kiri pé ìyàwó ti dé, pé kí Sìsí kọ́ mi ní ewé, kí òun náà lè sinmi. Mo gbọ́ ọ, mo rò pé oore ni wọ́n fẹ́ ṣe fún àwa méjèèjì.

Ní Sátidé náà, Sìsí gbé àpótí ìjókòó fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, súnmọ́ ibí. Ṣé wọ́n kọ́ yín ní ewé pípọ́n ní yunifásítì?"

"Wọn ò kọ́ wa o, Sìsí. Ẹ kọ́ mi."

"Wò ó dáadáa nígbà náà o. Mi ò ní pátákó tí mo máa kọ ọ́ sí fún ẹ."

A rẹ́rìn-ín. Ó to ewé eéran méjì lé ara wọn, ó ká wọn bí àrọ, ó ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó bu ẹ̀wà sí i. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ohùn ẹni tó fẹ́ràn mi:

"Èyí tó bá lẹ́yin, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o ṣẹ́ ẹnu ẹ̀, kí ẹyin má baà fọ́. Èyí tí kò lẹ́yin, ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tó máa fọ́ níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání létí mi. Sáyẹ́ǹsì ni mo kà, ẹni tó bá sì fún mi ní ìdí ohun kan ti rí mi mú. Ó ní òun ń lọ wẹ̀. Kò padà wá. Èmi nìkan ni mo pọ́n gbogbo rẹ̀ tán, mo tò ó sórí igi ewé tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, inú mi ń dùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Sìsí ló pín in. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń wo bó ṣe ń fi ìka kan ẹnu ewé, tó ń kó àwọn kan sínú àwo tańgaran fún pálọ̀, tó ń kó àwọn yòókù sínú abọ́ fún àwọn ọmọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Bàbá ọkọ mi tú tirẹ̀, ó fi fọ́ọ̀kì wá inú rẹ̀ títí. Pásítọ̀ tó bá wa wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tú tirẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá Àlàájì tú méjì léra.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "mo rò pé àwẹ̀ yín ti parí. Àbí ẹyin nìkan lẹ ṣì ń gbààwẹ̀ rẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ariwo ta ní ẹ̀yìnkùlé. "Ẹyin wà nínú tèmi! Ẹ wá wo tèmi o, odindi!" Àwọn ọmọ ń sáré kiri pẹ̀lú ẹyin lọ́wọ́ bí ẹni tó rí bọ́ọ̀lù he.

Ẹ̀rín pálọ̀ dúró. Màmá ọkọ mi bèèrè pé, "Ta ló pọ́n ewé?"

"Ìyàwó ni, Màmá," ni Sìsí dáhùn. "Mo fi hàn án dáadáa. Ó jọ pé ìwé ló ti gba gbogbo àyè orí ẹ̀."

"Sìsí, ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan!"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ti ń pọ́n ewé láti kékeré, èmi ni mi ò wá mọ ẹ̀ẹ̀kan yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì mọ́? Ẹ gbọ́ nǹkan, lójú àlejò!"

Mo wo ọkọ mi. Ó tẹ orí ba. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Kúnlẹ̀, bẹ Bàbá. Ó ti tán." Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ náà, mo sì bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí mi ò ṣe. Pásítọ̀ gbàdúrà fún mi pé kí Olúwa fún mi ní ọgbọ́n ilé.

Màmá ní kí wọ́n gba ewé lọ́wọ́ mi. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, Sìsí padà sídìí abọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé èmi sídìí ẹyin. Kí n sè é, kí n bó o. Ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé kì í fẹ́ bọ́ lára èèpo rẹ̀, á máa ya. Bí ó bá ya, wọ́n á ní ìyàwó tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Kò sí Àjíǹde kan tí wọn kì í tún ìtàn náà sọ fún àlejò. Àwọn ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn mi ń pọ́n ewé lójú mi, èmi ń bó ẹyin.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọ pẹ́ kó tó dé fún mi. Lọ́dún kan, oyún bàjẹ́ lára mi láàárín àwẹ̀ Lẹ́ńtì. Màmá ọkọ mi ló bá mi lọ sí ọsibítù, nítorí náà kò sí ẹni tí kò mọ̀ nílé. Nígbà tó di Sátidé Àjíǹde, ìyàwó tuntun kan na ewé sí mi pé kí n bá òun mú un. Sìsí ké láti ibi tó jókòó sí:

"Ẹ má fún un léwé o! Òfìfo lòun máa ń pọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí ìró nu ojú. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́, ó gbé garawa omi tó wá gbé, ó lọ. Èmi ń bó ẹyin. Ẹyin náà gbóná, mi ò sì gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ obìnrin náà. Mi ò fẹ́ kó bẹ̀ mí. Mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, lójú àwọn tó rẹ́rìn-ín, pé òun ló kọ́ mi ní òdì. Mo ń retí rẹ̀ lọ́dọọdún. Mo bá pásítọ̀ sọ ọ́, ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Mo bá Màmá sọ ọ́, wọ́n ní ṣé mo ṣì gbé ìyẹn sínú ni. Bàbá ọkọ mi kú. Bàbá Àlàájì tẹ̀ lé e. Màmá ṣe àìsàn pípẹ́, èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n sọ ìtàn mọ́ínmọ́ín náà fún nọ́ọ̀sì lójú mi, wọ́n sì fi ìka tọ́ka sí mi pé, "Òun rèé."

Lẹ́yìn náà ló wá kan ọkọ mi. A ti kọ́lé tiwa sí Igbó-Elérin nígbà náà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí ti dàgbà. Bí ọkọ mi ti dùbúlẹ̀, mo jókòó tì í, mo bi í pé, "Ṣé ẹ gbà mí gbọ́, lórí ọ̀rọ̀ ewé yẹn?"

"Torí mọ́ínmọ́ín?" ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. Kò rí Àjíǹde ọdún náà.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mi ò lọ sí Òjó fún Àjíǹde mọ́. Èmi àti ọmọ mi ń ṣe ẹ́ẹ̀gì róòlù nílé. A ó po ìyẹ̀fun pẹ̀lú bọ́tà àti ṣúgà, a ó fi bo odindi ẹyin, a ó dín in nínú òróró tí kò gbóná jù, kí inú má baà tutù nígbà tí ẹ̀yìn ti jóná. Ọmọ mi á ní, "Mọ́mì, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọdún mà ni." Ó máa ń dùn. Èmi kì í jẹ ju ẹyọ kan lọ. Bí òun bá sì ti lọ sí Gálílì, ìgbafẹ́ Àjíǹde, pẹ̀lú àwọn ará ìjọ ní Mọ́ńdè, mo máa ń ra ewé wálé, mo ń dá a pọ́n fúnra mi.

Lọ́dún yìí, ìyàwó ọmọ Bàbá Àlàájì pè mí lórí fóònù.

"Mọ́mì, ẹ kú ìmúra ọdún o. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá àgbà ò fẹ́ jẹ mọ́ínmọ́ín inú náílọ́ọ̀nù. Wọ́n ní ewé làwọn fẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n pọ́n nínú wa. Wọ́n ní kí a pè yín."

Màmá àgbà náà ni Sìsí. Òun nìkan ló kù nílé náà nínú àwọn ará ìgbà yẹn; àwọn ìyàwó tó ń pọ́n ewé nígbà náà ti kú tàbí kí wọ́n ti kó lọ. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Marúwá dé Òkòkòmáìkò, mo wọ òmíràn lọ sí Òjó. Kì í ṣe àánú ló gbé mi lọ.

Ojú Sìsí ti fọ́ pátápátá. Ó jókòó sórí àga oníke nílé ìdáná, ó ti gbẹ bí ewé. Ìyàwó méjì ń dín ẹ́ẹ̀gì róòlù lórí gáàsì. Mo jókòó, mo pọ́n ewé. Ó na ọwọ́ sínú abọ́, ó fi àtàǹpàkò wá ẹnu ewé kan.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ni ó wí. "Ẹyin wà nínú èyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sìsí. Kí lẹ kọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

Ó dá ewé náà padà sínú abọ́. Mo wá kọjú sí àwọn ìyàwó náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí àpótí ìjókòó dé ọ̀rọ̀ òfìfo.

"Há! Mọ́mì!" ni ọ̀kan wí. "Gbogbo èyí lórí mọ́ínmọ́ín? Ẹ má bínú o." Èkejì ń rẹ́rìn-ín sínú, ó yí ẹ́ẹ̀gì róòlù rẹ̀ padà kó má baà jó.

"Sìsí," mo ní, "ẹ sọ ọ́ lójú wọn."

Ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí ohùn mi ti ń wá. Ó ní: "Èmi ni mo kọ́ ẹ lódì. Màmá fẹ́ gba ewé lọ́wọ́ mi fún ẹ, kí ni mo tún fẹ́ máa ṣe nínú ilé yìí? Mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó rẹ́rìn-ín ti kú, àwọn ìyókù ti túká, àwọn ọmọ wọ̀nyí ò sì mọ ohun tí à ń sọ. Ta lo wá fẹ́ kí n sọ ọ́ fún?"